Bí kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé bá kún, ìwé kọ́ ló yẹ ká kó dànù

Ẹnikẹ́ni tó bá ń lo fóònù ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí. Fóònù á kàn kọ ọ́ síwájú ẹni pé àyè ti tán: kò gba àwòrán mọ́, kò gba ohùn WhatsApp mọ́. Ìkánjú á mú ẹni tó ni ín, á bẹ̀rẹ̀ sí í pa nǹkan rẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Ọjọ́ kejì ni oníṣòwò á tó rí i pé àwòrán tó yà nínú ìwé gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ ti bá pàǹtí lọ. Kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé náà máa ń kún báyìí, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ náà sì máa ń kánjú. Ṣùgbọ́n ohun tó lè sọnù níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ti gbogbo ìlú ni.

Ẹlòmíràn nínú àwọn ìyá wa tó ń ta gàrí létí títì Paouignan lè béèrè pé kí ló kan òun nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé. Ó kàn yín, ẹ̀yin ìyá wa. Owó gàrí yẹn lẹ fi ń rán ọmọ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìwé tí wọ́n ní kí ọmọ náà kà sì wọ́n. Ìwé kan ṣoṣo lè kó èrè ọjọ́ ọjà mélòó kan lọ. Ọmọ tí kò bá rí owó rà á, yíyá ló máa yá a. Láti àwọn ọdún 1980 ni àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ èdè Faransé ti ń bá ìjọba wa dá àwọn ilé ìkàwé tí wọ́n ń pè ní CLAC sílẹ̀ láwọn ìlú tó jìnnà sí Kútọnu. Àwọn ilé ẹ̀kọ́, àwọn ìjọ àti àwọn ẹgbẹ́ náà ní tiwọn. Nígbà kan, káàdì àti ìwé ńlá ni wọ́n fi ń kọ orúkọ ìwé sílẹ̀. Lóde òní, kọ̀ǹpútà ló ń gba iṣẹ́ náà ṣe.

Kí ló wà nínú kọ̀ǹpútà ọ̀hún? Ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan ni. Ó kọ orúkọ gbogbo ìwé tó wà nílé àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lórí pẹpẹ. Ó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń wá kàwé. Ó kọ ẹni tó yá ìwé, ọjọ́ tó mú un lọ, àti bóyá ó ti dá a padà. Irú ìwé àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Láàrin 2017 sí 2018, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ RAVIP wá ya fọ́tò wa tí wọ́n sì gba ìtẹ̀ka wa, inú irú rẹ̀ ni wọ́n kọ wá sí. Ti ilé ìkàwé kàn kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ ni.

Ọ̀kan nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ń lò kárí ayé ni Koha. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Nàìjíríà ń lò ó. Àwọn ilé ìkàwé agbègbè Horowhenua ní New Zealand ló kọ́kọ́ fi ṣiṣẹ́, ní oṣù kìíní ọdún 2000, torí pé ètò tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ kò ní lè ka ọdún tuntun náà. Lédè Máórì, tí í ṣe èdè àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, ẹ̀bùn ni wọ́n ń pè ní koha. Ọ̀fẹ́ sì ni ètò náà títí dòní. A mú un ṣe àpẹẹrẹ torí pé bó ṣe ń kún, àti bí wọ́n ṣe ń tú àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀, hàn gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ìwé kọ́ ló ń kún kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò. Àkọsílẹ̀ ìwé kan, ìyẹn orúkọ rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́, ọdún tó jáde àti ibi tó wà, kì í sábà ju kílóbáìtì 5 lọ. Bí ilé ìkàwé bá ní ìwé 10,000, àkọsílẹ̀ gbogbo wọn á tó nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 50. Àwòrán kan tí fóònù òde òní yà lè tó mẹ́gábáìtì 3 sí 5. Ìyẹn ni pé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìwé kò gba àyè tó ogún àwòrán tí ẹ yà níbi ìgbéyàwó.

Kí ló wá ń kún un? Oríṣi mẹ́rin ni. Èkíní ni àmì ìbẹ̀wò. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ṣí ojú ewé ilé ìkàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ètò náà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé àlejò dé. Kì í sì í ṣe ènìyàn nìkan ló ń wá. Àwọn ẹ̀rọ bíi ti Google, tó ń rìn káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán tòru, ń kanlẹ̀kùn pẹ̀lú, wọ́n sì lè pọ̀ ju àwọn tó wá kàwé lọ. Èkejì ni àkọsílẹ̀ àyálò. Bí olùtọ́jú ilé ìkàwé bá fẹ́ kọ ìwé tuntun sílẹ̀, ó lè wo bí ilé ìkàwé ńlá kan ní Paris tàbí Washington ṣe kọ ọ́, kó sì mú un wálé. Ṣùgbọ́n gbogbo èsì tó jáde nígbà tó ń wá a, títí kan èyí tí kò lò rárá, ló ń sùn sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kẹta ni lẹ́tà ìránnilétí tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ tipẹ́ sí àwọn tí ọjọ́ ìdápadà ìwé wọn ti pé. Ẹ̀kẹrin ni ìwé ta-ló-ṣe-kí-ni: ẹni tó wọlé, ohun tó yí padà, ọjọ́ àti wákàtí tó yí i padà.

Oríṣi mẹ́ta àkọ́kọ́ kò yàtọ̀ sí pàǹtí tó máa ń kù lórí asẹ́ bí a bá jọ gàrí tán. Iṣẹ́ wọn ti parí. Ẹ̀kẹrin nìkan ló gba sùúrù, torí ẹlẹ́rìí ni. Bí wọ́n bá ní ọmọ yín kò dá ìwé padà, tí ọmọ náà sì ní òun ti dá a padà, ibẹ̀ ni òtítọ́ wà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n pa ẹlẹ́rìí rẹ́ nígbà tí ẹjọ́ kò tíì parí. Àmọ́ ẹlẹ́rìí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí ẹjọ́ rẹ̀ ti parí, lè lọ sinmi.

Ibi tí ewu wà nìyí. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá dákẹ́, tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sì tò sẹ́nu ọ̀nà, ohun tí ojú olùtọ́jú máa kọ́kọ́ rí ni orúkọ ìwé. Á wo ìwé tí ẹnikẹ́ni kò yá láti ọjọ́ pípẹ́, á ní kí òun yọ ọ́ kúrò kí àyè lè ṣí. Àyè tó máa rí níbẹ̀ kò tó nǹkan kan, ṣùgbọ́n ìwé náà ti sọnù, bó tilẹ̀ ṣì wà lórí pẹpẹ. Ẹni tó bá wá a kò ní rí i mọ́. Ìyẹn dà bí ẹni tó da iṣu èèbù nù tó wá ń tọ́jú èèpo.

Ohun tí a ń sọ yìí ti hàn ní ilé ìkàwé tó tóbi ju tiwa lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kọlu kọ̀ǹpútà British Library ní Lọ́ńdọ̀nù. Iná kò jó ìwé ibẹ̀, omi kò gbé wọn lọ. Síbẹ̀, fún bí oṣù méjì àti ààbọ̀, títí di oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn tó ń kàwé kò rí àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ń wá ìwé wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé kún fún ìwé, ọ̀nà àtirí wọn ló dí. Bí irú ìyẹn bá lè bá Lọ́ńdọ̀nù, kí ni ká sọ nípa ilé ìkàwé tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ní?

Ẹ̀ẹ̀kan náà, ẹni tó fẹ́ kó pàǹtí gan-an lè ṣèèṣì kó ẹrù. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, ní Yunifásítì Kyoto ní Japan, wọ́n ní ètò kan tó ń pa àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ tó ti ju ọjọ́ 10 lọ rẹ́ kí àyè lè máa ṣí. Àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà fẹ́ tún ètò ọ̀hún ṣe, wọ́n sì tún un ṣe nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ohun tó pa rẹ́ nígbà náà kì í ṣe pàǹtí mọ́. Fáìlì tó tó mílíọ̀nù 34 ni, iṣẹ́ ìwádìí àwọn ẹgbẹ́ 14. Ti ẹgbẹ́ mẹ́rin nínú wọn kò ṣeé dá padà rárá. Ẹni tó ṣíwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Bí àwọn onímọ̀ tó ń lo ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà tó lágbára jù bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo ní ilé ìkàwé kékeré máa dá irú iṣẹ́ yìí ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, láì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹlòmíràn á wá ní bó bá le tó báyìí, kí a má pa nǹkan kan rẹ́ mọ́. Ká ra díìsìkì ńlá, ká máa kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. A gbọ́ èrò yẹn, kò sì burú tán. Ṣùgbọ́n ìdí méjì wà tí kò fi tó. Àkọ́kọ́ ni owó àti àkókò. Ohun tó bá pọ̀ sí i nínú kọ̀ǹpútà, òun náà la ó máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀, òun náà la ó máa wá nǹkan nínú rẹ̀. Ilé ìkàwé tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ọ̀dọ̀ rẹ̀, tó ń ra íntánẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀, kò lè máa fi wákàtí pípẹ́ ṣe ẹ̀dà pàǹtí. Ilé ìkàwé tó sì háyà àyè lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ẹrù rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni owó tó máa san á ṣe pọ̀ tó.

Ìdí kejì ló wúwo jù lójú tiwa: orúkọ àwọn ènìyàn. Ọmọbìnrin kan lè ti yá ìwé nípa oyún. Ọkùnrin kan lè ti yá ìwé nípa àrùn éèdì, tàbí nípa òfin ilẹ̀ nígbà tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jà sí ogún. Ìwé náà ti padà sórí pẹpẹ. Kí ló dé tí orúkọ wọn fi ní láti máa wà lára ìwé náà fún ogún ọdún, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà lè kà á? Ní ìlú tí gbogbo wa ti mọ ara wa, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ba ilé jẹ́. Òfin orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì, òfin nọ́ńbà 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, kò gbà kí a tọ́jú àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn kọjá ìgbà tí iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ gbà á nílò rẹ̀ mọ. Àjọ APDP ló ń mójú tó o. Koha náà ní ọ̀nà tí wọ́n fi lè yọ orúkọ ẹni tó yá ìwé kúrò, kí iye ìgbà tí wọ́n yá ìwé náà sì ṣẹ́kù. Bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe lè mọ̀ pé ìwé kan wúlò, láìmọ ẹni tó kà á. Ẹni tí ìwé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró.

Nítorí náà, pípa rẹ́ yẹ, àìpa rẹ́ náà yẹ. Ìlànà ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn tó ṣe Koha kò fi èyí sílẹ̀ fún ìkánjú. Ètò ìmọ́tótó kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ti dá ọjọ́ fún un. Bí ẹ kò bá sọ iye ọjọ́ fún un, á mú ọjọ́ 30 fún lẹ́tà tí wọ́n ti fi ránṣẹ́, ọjọ́ 60 fún àkọsílẹ̀ àyálò, àti ọjọ́ 180 fún ìwé ta-ló-ṣe-kí-ni. Nínú àwọn ẹ̀dà tuntun, bí ẹ kò bá fi ọ̀rọ̀ ìdánilójú kan kún àṣẹ náà, kò ní pa ohunkóhun rẹ́. Á kàn fi ohun tí ì bá pa rẹ́ hàn yín ni. Irú ìyẹn ni ọgbọ́n. Ẹ kọ́kọ́ wò ó, kí ẹ tó gé e.

Ohun kan tún wà tó ń ya àwọn olùtọ́jú lẹ́nu. Wọ́n á pa ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ rẹ́, wọ́n á padà wo díìsìkì, àyè kò ní fẹ̀ sí i. Wọ́n á rò pé iṣẹ́ náà kò jẹ́, wọ́n á tún máa pa òmíràn rẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀bù ṣàlàyé rẹ̀. Bí ẹ bá háyà ṣọ́ọ̀bù kan, tí ẹ wá kó àpò gàrí mẹ́wàá jáde nínú rẹ̀, àyè ti ṣí fún ẹrù yín mìíràn. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù náà kò kéré sí i, onílé kò sì lè fi ibi tó ṣófo fún ayálégbé mìíràn. Bákan náà ni ìwé àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà ṣe ń di àyè rẹ̀ mú: yóò lo ibi tó ṣófo fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní dá a padà fún díìsìkì àfi bí wọ́n bá pàṣẹ kó tún ara rẹ̀ tò. Nígbà tó bá sì ń tún ara rẹ̀ tò, á ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀ ná, ẹ̀dà yẹn náà sì ń fẹ́ àyè. Ẹni tó bá dúró títí díìsìkì fi kún dé etí kò ní rí ibi tó máa fi ṣe é. Ìdí nìyí tí ìmọ́tótó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ti oṣooṣù. Kì í ṣe ti ọjọ́ ìdààmú.

Kí ni a wá ń fẹ́? A kò béèrè owó ńlá. A ń fẹ́ kí gbogbo ilé ìkàwé tó ń lo kọ̀ǹpútà ní agbègbè Dassa-Zoumè, kékeré ni o, ńlá ni o, ní ìlànà ojú ewé kan ṣoṣo tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Kí ìlànà náà sọ ohun tó lè lọ àti ọjọ́ tó máa lọ. Kí ó sọ pé àkọsílẹ̀ ìwé àti ti ẹni tó jẹ ìwé kò gbọ́dọ̀ kúrò láìjẹ́ pé ènìyàn méjì fọwọ́ sí i. Kí ó sọ pé wọn kò ní pa nǹkan kan rẹ́ láì kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà, kí ẹ̀dà náà má sì sùn sínú ilé kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, torí iná tó bá jó ọ̀kan á jó èkejì. Kí wọ́n sì máa ṣí ẹ̀dà náà wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí wò rí, ìrètí lásán ni.

Sí àwọn tó wà ní mẹ́rì Dassa-Zoumè, sí olórí àgbègbè Paouignan, sí àwọn ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì: ẹ má ṣe ra kọ̀ǹpútà fún ilé ìkàwé kí ẹ sì gbàgbé díìsìkì tí wọ́n máa fi ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Bí ẹ bá ń fún wọn lówó ìwé, ẹ yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún díìsìkì náà, ẹ sì jẹ́ kí ènìyàn méjì kọ́ iṣẹ́ yìí dípò ẹnì kan. Olùtọ́jú tó mọ̀ ọ́n lè gba iṣẹ́ síbòmíràn lọ́la. Kò yẹ kó kó ìmọ̀ ilé ìkàwé náà lọ.

Sí ẹ̀yin òbí: nígbà tí ẹ bá tún lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ òbí, ẹ béèrè ohun mẹ́ta. Níbo ni ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ilé ìkàwé wà? Ìgbà wo ni wọ́n ṣí i wò gbẹ̀yìn? Ta ló ní àṣẹ láti pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ̀? Ẹ kò nílò láti mọ kọ̀ǹpútà kí ẹ tó béèrè. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń ṣọ́ ìwé èsúsú mọ ìbéèrè wọ̀nyí tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹgbẹ́ èsúsú kan tó máa gbà kí akọ̀wé ya ojú ewé dànù torí pé ìwé ti kún, láì kọ́kọ́ da orúkọ àwọn tó kù láti gba owó kọ sí ìwé tuntun.

Kọ̀ǹpútà á kún. Kò sí èyí tí kì í kún. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé nígbà tó bá kún, kí àwọn ọmọ wa tó ń sọ̀kalẹ̀ láti ẹsẹ̀ òkè wá yá ìwé má ṣe gbọ́ pé ìwé tí wọ́n ń wá ti bá pàǹtí lọ.